Owó Ìrántí Tí Ó Wà Nínú Agolo

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe wáàsí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn àwọn ẹni ìṣáájú. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni. Mo rò ó títí kí n tó mú kálàmù, nítorí pé kò rọrùn fún ẹni tí ó ń dúró níwájú ìjọ ní mọ́sáláṣí láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá pa á mọ́, ẹlòmíràn yóò ṣubú sí ihò kan náà, ọmọ òrukàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ní ọdún 2016, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ń kírun ní mọ́sáláṣí wa ní Ẹ̀pẹ́ papò dà. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tí ń kó ẹrù láti Èkó lọ sí àwọn èbúté Yúróòpù, ó sì máa ń sọ ìtàn Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì fún wa lẹ́yìn ìrun alásárì. Ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì àti ọmọkùnrin kan ni ó fi sílẹ̀. Àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 16, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ 13, ọkùnrin tí í ṣe àbíkẹ́yìn sì jẹ́ 9. Bàbá àti ìyá olóògbé ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan wà, òun ni ó sì ṣe ọkùnrin nígbà ìsìnkú, tí ó ń sá sókè sá sódò.

Nígbà tí a ti san gbèsè tí olóògbé jẹ, Ìmáàmù wa rán mi lọ láti bá wọn pín ogún, nítorí pé èmi ni mo ń tọ́jú ìwé mọ́sáláṣí, mo sì ti kọ́ ìmọ̀ ogún pípín ní ilé-kéwú. A ka ilé, a ka ilẹ̀, a ka ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kan àti owó tí ó wà ní báńkì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì pín in bí Ọlọ́run Ọba ti là á sílẹ̀ nínú Súrà Nísáì. Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà náà ni ìyá àwọn ọmọ náà gbé agolo bisikíìtì kan jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó funfun ńláńlá 16 ni ó wà nínú rẹ̀, tí a fi aṣọ wé. Ẹyẹ idì wà ní ojú kan, oríṣiríṣi àmì sì wà ní ojú kejì. Mo mú ọ̀kan, mo rí 10, mo rí ọ̀rọ̀ Jámánì, mo sì sọ pé, "Owó Jámánì àtijọ́ ni èyí. Wọn kò ná an mọ́. Kò níye lórí."

Ọmọbìnrin àgbà wá sọ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Àáfà, bàbá wa sọ pé fàdákà ni."

Mo ní kí ó dákẹ́, pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Àbúrò olóògbé ní kí a jẹ́ kí òun mú agolo náà fi ṣe ìrántí ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní kí ó mú un. Ìyá àwọn ọmọ wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì wà nínú òpó, ẹkún kò sì tíì gbẹ ní ojú rẹ̀. Ó gbà pé bí Àáfà bá ti sọ̀rọ̀, ó ti parí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, oṣù méjì kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní ọjà wa fi dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Àáfà, àbúrò olóògbé ta owó mẹ́rin fún mi. Mo rà á ní ìwọ̀n fàdákà, ṣùgbọ́n n kò tíì yọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bóyá òun ni ó jogún rẹ̀. N kò fẹ́ gbé ohun ọmọ òrukàn jẹ."

Òógùn bò mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin ogún ti mọ ohun tí ó fa òógùn náà. Bí òkú bá ní ọmọkùnrin, àbúrò òkú kò ní ìpín kankan nínú ogún. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ orúkọ mi. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ó béèrè, ǹ bá ti sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo ti pe owó náà ní ohun tí kò níye, mo gbàgbé pé òfin wà lórí rẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́ di òfo, kí n tó fi ọwọ́ mi gbé e fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Ní òwúrọ̀, mo mú ọ̀kan nínú àwọn owó mẹ́rin náà lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan nínú ìjọ wa tí ó pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì máa ń kó owó ilẹ̀ òkèèrè jọ. Ó gbé òṣùwọ̀n kékeré kan jáde, ó gbé awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Àáfà, owó ìrántí nìyí. Ti eré Olympic Munich ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ láti ọjọ́ náà fún yín, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà nínú àpótí bàbá yín.

Owó ìrántí ni owó tí ìjọba ilẹ̀ kan rọ láti fi ṣe àmì ohun ńlá kan tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti eré ìdárayá. Kí eré Olympic ti ọdún 1952 tó bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki, ilẹ̀ Finland ti rọ owó fàdákà 500 markka láti ọdún 1951. Òun ni a kà sí owó ìrántí àkọ́kọ́ fún eré Olympic ti ayé òde òní. Nígbà tí eré náà dé Tokyo ní ọdún 1964, Japan rọ 1,000 yen tí a ya òkè Fuji sí lára pẹ̀lú òdòdó igi ṣẹ́rì, mílíọ̀nù 15 sì ni wọ́n rọ. Ní ọdún 1968, Mẹ́síkò rọ owó fàdákà 25 peso, tí a ya àwòrán ọkùnrin kan sí, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí àwọn ará ilẹ̀ náà ti ń gbá a ní ayé àtijọ́, kí àwọn Òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan Munich ní ọdún 1972, níbi tí ti inú agolo wa ti wá. Jámánì Ìwọ̀-oòrùn rọ owó 10 mark ní oríṣi mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 100. Ìdí rẹ̀ ni pé ìjọba ń wá owó tí wọn yóò fi kọ́ pápá eré àti ilé tí àwọn eléré yóò máa gbé. Fàdákà tí ó wà nínú owó kọ̀ọ̀kan kò náni tó mark 10 ní ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó gba ọ̀kan sì san mark 10 gbáko. Ohun tí ó kù láàárín iye fàdákà àti iye tí a kọ sí ojú owó ni èrè tí wọ́n fi ran eré náà lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú mú un tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n gbé e pamọ́ sínú dùrọ́, wọn kò ná an. Èyí tí wọn kò ná yẹn ni èrè ìjọba.

Àríyànjiyàn kan tilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rọ, wọ́n kọ ọ́ ní èdè wọn pé eré náà yóò wáyé "in Deutschland", èyíinì ni pé ní ilẹ̀ Jámánì. Ṣùgbọ́n Jámánì méjì ni ó wà ní ayé nígbà náà. Jámánì Ìlà-oòrùn fi ẹ̀sùn sùn pé ta ni ó fún ẹ̀yin nìkan ní orúkọ tí a jọ ń jẹ́? Nítorí náà wọ́n yí i padà, wọ́n sì kọ "in München", èyíinì ni Munich, sí ara èyí tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára owó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà láàárín ọmọ ìyá méjì. Mo rò ó pé bí ọ̀rọ̀ ara owó bá lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba méjì, kí ni kò lè dá sílẹ̀ láàárín ẹbí kan ní Ẹ̀pẹ́?

Bàbá náà wá kọ́ mi ní ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ó ní iye mẹ́ta ni owó ìrántí máa ń ní, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò rẹ́ ni jẹ tàbí kí a rẹ́ ẹ jẹ.

Èkínní ni iye tí a kọ sí ojú rẹ̀. Mo ti sọ pé wọn kò ná mark mọ́, òótọ́ sì ni: ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní òpin ọdún 2001, owó euro sì gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n báńkì ńlá ti ìjọba Jámánì ṣì ń gba mark, ó sì ń fún ni ní euro dípò rẹ̀. Wọn kò dá ọjọ́ tí yóò dópin. Mark 1.95583 ni wọ́n fi ń gba euro kan, nítorí náà mark 10 jẹ́ euro márùn-ún àti sẹ́ńtì 11. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ mi pé wọn kò ná an mọ́ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi pé kò níye lórí jẹ́ irọ́.

Èkejì ni iye irin tí ó wà ní ara rẹ̀. Owó Munich kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó gíráàmù 15 àtààbọ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 625 ni ó jẹ́ fàdákà, bàbà sì ni ìyókù. Fàdákà gidi inú rẹ̀ sì tó gíráàmù mẹ́sàn-án àti díẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́wàá. Iye fàdákà ń lọ sókè, ó sì ń lọ sílẹ̀ ní ọjà ayé. Ní ọdún mìíràn, iye ojú rẹ̀ ni yóò ju ti ara rẹ̀ lọ. Ní ọdún mìíràn, ti ara rẹ̀ ni yóò ju ti ojú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ pín in tàbí tà á ni a ń béèrè.

Ẹ̀kẹta ni iye tí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ lè san. Èyí ni ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ agolo náà di mímọ̀ nínú ẹbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ní òun rí i pé ẹnì kan ń ta irú owó náà ní mílíọ̀nù náírà. Ojú gbogbo wọn là kedere. Bàbá wa ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ní ohun tí ènìyàn béèrè fún ọjà rẹ̀ kọ́ ni iye ọjà náà. Ohun tí ẹlòmíràn san ni iye rẹ̀. Ohun tí a rọ ní mílíọ̀nù 100 kò lè wọ́n ní ayé. Àwọn tí ń kó owó jọ kì í sábà san ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ púpọ̀, àfi èyí tí a rọ ní àkànṣe tí ó ń dán bíi dígí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àṣìṣe méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi sọ pé kò níye. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sọ pé ọrọ̀ ńlá ni. Àwa méjèèjì kò wọ̀n ọ́n.

Kì í ṣe gbogbo owó ìrántí eré ni ó jẹ́ fàdákà. Kí ìdíje bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ti ọdún 1982 tó wáyé ní Spain, ilẹ̀ náà kọ ọ́ sí ara owó tí àwọn ènìyàn ń ná ní ọjà lójoojúmọ́, láti peseta kan títí dé 100. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, òun ni yóò ná. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè ti rí 50 pẹ́ńsì ti eré Olympic ọdún 2012. Oríṣi 29 ni, eré kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Àwọn ará ìlú ni wọ́n ya àwòrán wọn. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọmọ ọdún 10 ni ó ya ti àwọn asáré àti afò. Ti bọ́ọ̀lù tilẹ̀ ń ṣàlàyé òfin ọ́fúsáìdì. Kò sí fàdákà nínú èyí tí wọ́n ń ná ní ọjà, bàbà àti nickel ni. Síbẹ̀, nítorí pé ti bọ́ọ̀lù kò ju 1,125,500 lọ, àwọn tí ń kó o jọ máa ń san ju 50 pẹ́ńsì lọ láti rí i. Ìfẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìgbà ni owó ìrántí ń gba ẹni tí ó rọ ọ́ là. Montreal ní ilẹ̀ Kánádà rọ owó fàdákà oríṣi 28 fún eré ọdún 1976, síbẹ̀ ìlú náà kò san gbèsè pápá eré rẹ̀ tán títí di ọdún 2006. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn ní ọdún 1984 fún Los Angeles: wọ́n fi dọ́là 10 lé orí owó fàdákà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi dọ́là 50 lé orí ti wúrà. Àfikún náà, tí wọ́n lò fún eré àti àwọn eléré, fi díẹ̀ ju mílíọ̀nù dọ́là 70 lọ. Àwọn arákùnrin wa ní Qatar náà ṣe ti wọn fún Ife Àgbáyé ọdún 2022: wọ́n tẹ owó riyal 22 jáde, nítorí ọdún 22, èyí tí irú rẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ọ̀dọ̀ ẹ̀sìn wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Fàdákà kì í jáde kúrò nínú òfin sàká nítorí pé a ya àwòrán eré ìdárayá sí i lára. Òṣùwọ̀n tí sàká fàdákà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni dírámù 200, tí àwọn àáfà ìsinsìnyí ń kà sí nǹkan bíi gíráàmù 595 ti fàdákà gidi. Owó 16 inú agolo wa kò ju gíráàmù 155 lọ, nítorí náà kò dé òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó bá ní gbogbo oríṣi 28 ti Montreal nínú àpótí rẹ̀: fàdákà inú wọn lé ní gíráàmù 900. Ẹni náà lè máa rò pé ohun ẹ̀ṣọ́ ni òun gbé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ti jẹ sàká láti ọdún kan dé èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n.

Bákan náà, ẹ ṣọ́ra nípa títà àti rírà rẹ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọ̀lá Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé bí a bá ń fi fàdákà gba fàdákà, kí ó dọ́gba, kí ó sì jẹ́ ọwọ́ sí ọwọ́. Àwọn àáfà ńlá ìgbà yìí sì sọ pé bí a bá ń fi owó bébà ra fàdákà, kí ó má ṣe jẹ́ àwìn. Ní ti owó tí ilẹ̀ kan ṣì ń ná, bíi 50 pẹ́ńsì tí mo sọ, tí a fẹ́ fi gba owó ilẹ̀ kan náà tí ó jù ú lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ̀dọ̀ onímọ̀ tí ẹ fọkàn tán kí ẹ tó ṣe é. N kì yóò tún sọ ọ̀rọ̀ ju bí mo ti mọ̀ lọ. Mo ti rí ohun tí ó máa ń fà.

Kí ni mo wá ṣe nípa agolo náà? Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò olóògbé. Ẹ má bínú sí i, kò jalè. Èmi ni mo gbé e lé e lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó dákẹ́ pẹ́, ó sì ní òrùlé òun ni ó ń jò tí òun fi ta mẹ́rin. Ó wọ yàrá, ó gbé 12 tí ó kù jáde. Mo san owó alágbẹ̀dẹ wúrà padà fún un láti inú àpò mi, ó sì dá mẹ́rin náà padà. Èyí kò dùn mọ́ àpò mi, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ oorun mi.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí ọ̀dọ̀ opó àti àwọn ọmọ. Mo jókòó sí orí ẹní, mo sì sọ ohun tí mo ṣe láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo tọrọ ìdáríjì. Mo yí ojú sí ọmọbìnrin àgbà, mo ní, "Ìwọ ni o sọ òótọ́ ní ọjọ́ náà, èmi ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Jọ̀wọ́, forí jì mí." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sà." Ìyá rẹ̀ fi gèlè nu ojú.

A wá pín in. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, nítorí náà ó mú méjì. Ó ku 14. Ìpín ọkùnrin jẹ́ ti obìnrin méjì, nítorí náà ọmọkùnrin mú méje, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì ní méje láàárín ara wọn. Ẹ rí ìṣòro tí ó wà níbẹ̀: méje kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, a kò sì lè fi ayùn gé owó. Mo ní kí a ta ẹyọ kan kí a pín owó rẹ̀. Ọmọbìnrin àgbà ní rárá, kí àbúrò òun mú mẹ́rin, òun yóò mú mẹ́ta. Mo bi í bóyá tọkàntọkàn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yan tòun.

Ó gba awò bàbá Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń yẹ owó náà wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó kọ́kọ́ rí i pé "in Deutschland" wà ní ara méjì, tí "in München" sì wà ní ara àwọn tí ó kù. Bàbá náà sọ fún un pé lẹ́tà kékeré kan wà ní ara owó kọ̀ọ̀kan tí ń sọ ìlú tí a ti rọ ọ́: D ni Munich, F ni Stuttgart, G ni Karlsruhe, J sì ni Hamburg. Ọmọ náà kò tún béèrè èyí tí ó wọ́n jù. Ó wá mẹ́ta tí J wà ní ara rẹ̀, ó kó wọn jọ, ó ní, "Ibẹ̀ ni ọkọ̀ bàbá wa máa ń gúnlẹ̀." Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ iye mẹ́ta tí mo kọ́, n kò sì rí èyí tí a lè fi wọn ti J yẹn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ ohun tí ó wà nínú àpótí ilé yín nígbà tí ọkọ yín ṣì wà láàyè. Ẹ bi í, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí owó ilẹ̀ òkèèrè bá wà nínú rẹ̀, ẹ wo orúkọ ilẹ̀ àti iye tí a kọ sí i. Bí kò bá sí orúkọ ilẹ̀, tí kò sì sí iye kankan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ lásán tàbí ohun tí wọ́n fi ń tan ènìyàn jẹ.

Ẹ má fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí ti fọ ọ̀kan kí olóògbé tó kú, ó rò pé òun ń tún un ṣe ni. Ojú rẹ̀ há, àwọn tí ń kó owó jọ kì yóò sì ka irú rẹ̀ sí mọ́. Ẹ má dá ihò sí i láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ẹ fi í sí ibi tí omi kò lè dé.

Bí ọjọ́ ogún bá sì dé, tí àáfà tàbí àgbà ẹbí kan bá mú ohun kan tí ó ní kò níye lórí, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ẹ ti wọ̀n ọ́n bí?" Kì í ṣe àrífín. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, yóò dúpẹ́ ní ọ̀wọ́ yín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a ń pè láti pín ogún, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́run nínú ohun kékeré bí a ti ń bẹ̀rù rẹ̀ nínú ilé àti ilẹ̀. Bí a kò bá mọ nǹkan, ẹ jẹ́ kí a sọ pé a kò mọ̀ ọ́n, kí a sì sún pípín rẹ̀ síwájú. Bí ọmọdé bá sì sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a fetí sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí ohun ọmọ òrukàn wà nínú oúnjẹ wa. Kí ó forí jin olóògbé náà, kí ó sì bá a wo àwọn ọmọ rẹ̀. Àmín.